MIDORI ITO: ABẸ́RẸ́ TÍ KÒ ṢE É MÌ

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kí ó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí a bá ń wá ẹni tí òwe yìí bá mu nínú ìtàn eré ìdárayá ayé, a kò ní rìn jìnnà kí a tó kan Midori Ito, ọmọbìnrin ará Jàpáànù. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ohun tí obìnrin kankan kò tí ì ṣe rí lórí pápá yìnyín. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Éṣíà àkọ́kọ́ tí ó gba adé àgbáyé nínú ijó orí yìnyín.

Síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn ìṣẹ́gun lásán. Ìṣubú wà nínú rẹ̀, ẹkún wà nínú rẹ̀, ẹrù tí gbogbo orílẹ̀-èdè kan gbé lé ọmọbìnrin kan lórí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ ṣe ni láti tọ ipasẹ̀ ìgbésí ayé rẹ̀ láti kékeré, kí a sì wádìí ohun tí ó gbé e ga àti ohun tí ó fẹ́ dá a dúró.

Irú eré tí ijó orí yìnyín jẹ́

Kí ìtàn náà lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò rí i rí. Ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, omi adágún a máa dì gbagidi nígbà òtútù débi pé ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ṣe bàtà tí ó ní abẹ irin tín-ín-rín nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fi í yọ̀ lórí omi dídì náà. Nígbà tí ó yá, wọ́n kọ́ ilé ńlá tí a ń fi ẹ̀rọ sọ omi inú rẹ̀ di yìnyín, tí a fi lè ṣe eré náà yíká ọdún. Oníjó a máa jó sí ohùn orin, a máa yí bí òòyì, a máa fò sókè, yóò yí po lójú òfurufú, yóò sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀ lórí abẹ irin tí kò nípọn. Àwọn adájọ́ ni ó ń fún un ní máàkì. Ní ayé ìgbà tí Ito ń díje, 6.0 ni máàkì tí ó ga jù lọ.

Nígbà náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ìdíje pín sí. Èkíní ni àwòrán ọ̀ranyàn, èkejì ni ijó kúkúrú, ẹ̀kẹta sì ni ijó gígùn. Ijó méjì tí ó gbẹ̀yìn ni àwọn òǹwòran fẹ́ràn. Ti àwòrán ọ̀ranyàn ní tirẹ̀ yàtọ̀. Kò sí orin níbẹ̀, kò sí fífò. Oníjó yóò fi ẹsẹ̀ kan ya òbìrí sórí yìnyín, yóò sì tún padà tọ ojú ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn adájọ́ yóò wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn yóò máa wo ìlà náà fínnífínní bóyá ó gún tàbí ó wọ́. Nígbà kan rí, apá yìí nìkan ni ó ń kó 60 nínú 100 gbogbo máàkì. Ẹni tí ó bá mọ àwòrán yà lè borí ẹni tí ó mọ ijó jó, àní bí àwọn òǹwòran tilẹ̀ fẹ́ràn oníjó náà ju òun lọ.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Jàpáànù fúnra rẹ̀ ní ọdún 1972, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù wáyé ní ìlú Sapporo. Trixi Schuba ará Austria ni ó gba wúrà nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè bá a du àwòrán yíyà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ipò keje ni ó wà nínú ijó gígùn. Janet Lynn ará Amẹ́ríkà ni àwọn ará Jàpáànù gbà sọ́kàn. Ó ṣubú nínú ijó rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó ti ń dìde. Ipò kẹta ni ó gbà. Ní ọdún náà, Midori Ito ṣì jẹ́ ọmọ ọdún méjì, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwòrán àti ijó yìí ni yóò di gbọ́nmi-si-omi-ò-to nínú ìgbésí ayé tirẹ̀.

Ìgbà èwe àti olùkọ́ rẹ̀

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ ọdún 1969 ni a bí Midori Ito ní ìlú Nagoya, ìlú ńlá oníṣẹ́-ẹ̀rọ tí ó wà ní àárín gbùngbùn Jàpáànù. Midori túmọ̀ sí àwọ̀ ewé ní èdè wọn. Kò tí ì tó ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó ti wọ bàtà alábẹ irin. Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Olùkọ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Machiko Yamada ṣàkíyèsí ọmọ kékeré náà, ó sì rí i pé bí ó ti ń fò kò jọ ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Yamada kò kọ́ ọmọ náà ní ijó nìkan. Nígbà tí Midori ṣì wà ní ọmọdé, ilé olùkọ́ rẹ̀ yìí ni ó lọ ń gbé, tí ó ń jẹ, tí ó ń sùn, tí ó sì ń ti ibẹ̀ lọ sí ilé-ìwé àti sí pápá yìnyín. Olùkọ́ di ìyá, akẹ́kọ̀ọ́ di ọmọ. Kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mẹ́nu kan ọwọ́ tí ó tọ́ Midori Ito, ìdajì ìtàn rẹ̀ ni a sọ.

Yamada ní ìpinnu kan láti ṣe. Bí ó bá ṣe bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ayé ìgbà náà, yóò fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú wákàtí ẹ̀kọ́ ọmọ náà sí orí àwòrán yíyà, nítorí ibẹ̀ ni máàkì wà. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ẹ̀bùn ọmọ náà wà nínú fífò. Ó jẹ́ kí ó kọ́ àwòrán, kò sì pa ẹ̀bùn rẹ̀ nítorí àwòrán. Ìpinnu yìí ni ó gbé Midori dé ibi tí ó dé, òun náà ni ó sì ná an ní ọ̀pọ̀ àmì-ẹ̀yẹ.

Ẹ̀rí èyí hàn ní kíákíá. Nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún 1981, ọmọ ọdún mọ́kànlá yìí ni ó gba ipò kìíní nínú ijó gígùn. Ṣùgbọ́n ó ti fìdí rẹmi gan-an nínú àwòrán, nítorí náà ipò kẹjọ ni wọ́n fún un nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ọdún 1984, ó gba idẹ láàárín àwọn ọ̀dọ́, ó sì tún bá àwọn àgbà díje ní ìlú Ottawa, níbi tí ó ti ṣe ipò keje. Ní ọdún 1985, ó gba adé orílẹ̀-èdè Jàpáànù fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ọdún 1992. Ìgbà mẹ́jọ léra léra ni.

Ìlú Calgary, ọdún 1988

Ní oṣù kejì ọdún 1988, ìdíje Òlíńpíìkì wáyé ní ìlú Calgary ní ilẹ̀ Kánádà. Katarina Witt ará Ìlà Oòrùn Jámánì àti Debi Thomas ará Amẹ́ríkà ni gbogbo ayé ń wò. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jó sí orin Carmen, ọ̀rọ̀ wọn sì kún inú ìwé ìròyìn. Àwọn díẹ̀ ni ó ń fọkàn sí ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó ti Nagoya wá.

Ipò kẹwàá ni Ito wà lẹ́yìn àwòrán ọ̀ranyàn. Ó ṣe ipò kẹrin nínú ijó kúkúrú. Nígbà tí ijó gígùn dé, ó bọ́ sí orí yìnyín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fò. Bí ó ti ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta lójú òfurufú tí ó ń balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó tún ń fò òmíràn. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ kedere, àwọn òǹwòran sì dìde dúró láti pàtẹ́wọ́ fún un. Ipò kẹta ni ó gbà nínú ijó náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro àwòrán mọ́ ọn, ipò karùn-ún ni ó bọ́ sí, kò sì gba àmì-ẹ̀yẹ kankan lọ sílé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó wo ìdíje náà lórí tẹlifíṣọ̀n ni kò mọ ohun tí wọn yóò rò. Ojú wọn rí ijó, ojú wọn kò rí àwòrán. Irú ìbéèrè báyìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ó sì ń gbóná sí i: kí ni eré yìí fẹ́ dán wò, ṣé ìlà gígún ni àbí ijó? Ní ọdún 1988 yìí kan náà ni àjọ tí ó ń ṣàkóso eré náà pinnu pé àwòrán ọ̀ranyàn yóò parí lẹ́yìn ọdún 1990, àti pé kí ó tó parí, máàkì rẹ̀ yóò dín kù.

Axel oníyìípo mẹ́ta

Nínú gbogbo fífò tí ó wà nínú ijó orí yìnyín, èyí tí ó le jù láàárín àwọn tí a ń yí po lẹ́ẹ̀mẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní Axel. Axel Paulsen, ọmọ Nọ́wè, ni ó kọ́kọ́ fò ó ní ìlú Vienna ní ọdún 1882, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é. Ìdí tí ó fi le ni pé ojú iwájú ni oníjó ń kọ sí nígbà tí ó bá gbéra, ẹ̀yìn ni ó sì ń kọ sí nígbà tí ó bá balẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní Axel oníyìípo mẹ́ta, ìyípo mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó jẹ́ ní tòótọ́, ó sì gbọ́dọ̀ parí ní ìwọ̀n ìgbà tí kò tó kí ènìyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún 1978 ni ọkùnrin àkọ́kọ́, Vern Taylor ará Kánádà, ṣe é nínú ìdíje àgbáyé. Ọ̀pọ̀ gbà pé agbára obìnrin kò lè gbé e.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, Midori Ito ṣe é. Ìdíje agbègbè ní Aichi, ìpínlẹ̀ tí Nagoya wà, ni ó ti kọ́kọ́ ṣe é. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ó tún ṣe é nínú ìdíje NHK, níbi tí àwọn àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè ti wà. Bí ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe ṣe di ṣíṣe nìyẹn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1989, ó gbé fífò yìí lọ sí ìdíje àgbáyé ní ìlú Paris. Àwòrán ọ̀ranyàn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ito ti tẹpá mọ́ ọn débi pé kò lè fà á sẹ́yìn mọ́. Nínú ijó gígùn, ó gbéra, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta àti ààbọ̀, ó sì balẹ̀ ṣinṣin. Àwọn kan nínú àwọn adájọ́ fún un ní 6.0, máàkì tí kò sí èyí tí ó ga jù ú lọ. Ó di olúborí àgbáyé ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Claudia Leistner ará Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì ṣe ìkejì, Jill Trenary ará Amẹ́ríkà ṣe ìkẹta.

Ìgbà ìṣòro

Ayé kì í rọ̀ ṣọ̀mù fún ènìyàn títí lọ. Ní ọdún 1990, ní ìlú Halifax ní Kánádà, Ito gba ipò kìíní nínú ijó kúkúrú, ó tún gba ipò kìíní nínú ijó gígùn. Ṣùgbọ́n ipò kẹwàá ni ó wà nínú àwòrán, nítorí náà Jill Trenary ni ó gba adé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdíje àgbáyé yẹn ni ìkẹyìn tí wọ́n ti ya àwòrán ọ̀ranyàn.

Ọ̀pọ̀ rò pé odi ti wó, pé kò sí ohun tí yóò tún dí Midori lọ́nà mọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Munich ní ọdún 1991, òun àti Laetitia Hubert ará Faransé forí gbárí nígbà tí wọ́n ń na ara ṣáájú ìdíje, ó sì fara pa. Nígbà tí ó wá ń jó ijó kúkúrú rẹ̀, ó fò súnmọ́ etí pápá jù. Ó já bọ́ láti ojú àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kámẹ́rà, ó sì bọ́ sí ìta pápá yìnyín. Kíá, ó dìde, ó padà wọlé, ó sì ń jó ijó rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ipò kẹrin ni ó gbà. Ní ọdún kan náà, Tonya Harding ará Amẹ́ríkà di obìnrin kejì tí ó fò Axel oníyìípo mẹ́ta. Ohun tí ó ti jẹ́ ti Ito nìkan kò jẹ́ tirẹ̀ nìkan mọ́.

Ìlú Albertville, ọdún 1992

Bí ìdíje Òlíńpíìkì ti Albertville ní ilẹ̀ Faransé ti ń súnmọ́lé, ojú gbogbo Jàpáànù wà lára ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Kò tí ì sí ọmọ Jàpáànù tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì nínú ijó orí yìnyín rí, àwọn aráàlú sì ti gbà pé wúrà ni Midori yóò kó bọ̀. Ibi gbogbo ni àwọn oníròyìn ń tẹ̀lé e dé. Ẹrù tí ó yẹ kí orílẹ̀-èdè pín rù di ẹrù ẹnìkan.

Nígbà ìfidánrawò, Axel rẹ̀ kò dúró bí ó ti yẹ. Nítorí náà, fún ijó kúkúrú, wọ́n fi fífò mìíràn tí ó rọrùn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Lutz. Èyí tí wọ́n rò pé yóò gbà á là gan-an ni ó gbé e ṣubú. Ipò kẹrin ni ó bọ́ sí.

Ijó gígùn dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ijó náà, ó gbìyànjú Axel oníyìípo mẹ́ta. Ó ṣubú. Ọgbọ́n orí yóò sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó fi í sílẹ̀, kí ó má baà ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Síbẹ̀, nígbà tí ijó náà ti ń lọ sí òpin, tí ó ti rẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, Ito tún kọ ojú sí iwájú, ó gbéra, ó sì balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan. Kò sí obìnrin tí ó ṣe é nínú ìdíje Òlíńpíìkì rí. Fífò kan ṣoṣo yìí ni ó gbà á kúrò ní ipò kẹrin dé ipò kejì. Kristi Yamaguchi ará Amẹ́ríkà gba wúrà, Ito gba fàdákà, Nancy Kerrigan ará Amẹ́ríkà gba idẹ.

Fàdákà náà ni àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Jàpáànù ní nínú eré yìí. Síbẹ̀, Midori Ito tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ nítorí pé kò gba wúrà. Ẹni tí ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ni ó ń tọrọ àforíjì! Ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí a dúró kí a ronú. Ta ni ó jẹ ta ní gbèsè? Ṣé ọmọ tí ó fi gbogbo èwe rẹ̀ sin eré náà ni ó jẹ ìlú ní gbèsè, àbí ìlú tí ó jókòó tí ó ń wò ni ó jẹ ẹ́?

Lẹ́yìn ìdíje

Ito fi ìdíje sílẹ̀ lẹ́yìn Albertville. Ó padà wá fún ìgbà díẹ̀, ó sì gba adé Jàpáànù lẹ́ẹ̀kẹsàn-án ní ọdún 1996, ṣùgbọ́n ipò keje ni ó ṣe nínú ìdíje àgbáyé ọdún náà, ó sì tún fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 1998, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì padà sí ilẹ̀ Jàpáànù ní ìlú Nagano, òun ni wọ́n yàn láti tan iná ńlá tí ó ṣí ìdíje náà. Ìlú tí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ògùṣọ̀ lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 2004, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn akọni eré náà ní gbogbo àgbáyé. Ní ọdún 2011, nígbà tí ó ti pé ọmọ ogójì ọdún ó lé, ó tún wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ bá àwọn àgbàlagbà díje ní ìlú Oberstdorf ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti béèrè wúrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó là kò dí. Yuka Sato gba adé àgbáyé ní ọdún 1994. Shizuka Arakawa gbà á ní ọdún 2004, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní ìlú Turin ní ọdún 2006, òun ni ọmọ Jàpáànù àkọ́kọ́ tí ó gbà á nínú ijó orí yìnyín. Mao Asada náà tẹ̀lé e, ọmọ Nagoya ni, ọwọ́ Machiko Yamada ni ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ní ìlú Vancouver ní ọdún 2010, Asada fò Axel oníyìípo mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdíje kan ṣoṣo. Fàdákà ni òun náà gbà.

Ìgúnlẹ̀

Àwọn kan a máa sọ pé òfin tí wọ́n yí padà ni ó gbé Midori Ito ga. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó gba adé ní Paris, àwòrán ọ̀ranyàn ṣì wà. Nígbà tí wọ́n sì pa á rẹ́ pátápátá, kò gba adé àgbáyé mọ́. Òkè tí ó wà níta ti wó nígbà náà, ṣùgbọ́n òmíràn ti wà lọ́kàn àti lórí èjìká rẹ̀, èyí tí òfin kankan kò lè gbé kúrò.

Ohun méjì ni ìtàn yìí fi lélẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ kíkọ́ni. Èkíní ni pé ìdánwò kì í wọn gbogbo ohun tí ó wà nínú ọmọ. Ẹni ogún nínú ìlà yíyà lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú fífò, olùkọ́ tí ojú rẹ̀ bá là ni yóò sì rí i kí ayé tó rí i. Èkejì ni pé ẹ̀bùn ọmọ kì í ṣe ohun ìní ìlú. Bí a bá gbé ọmọ ga, kí a má ṣe gbé ẹrù wa lé e lórí. Ní Albertville, kì í ṣe ẹni tí ó gba wúrà ni ìtàn ń rántí jù, bí kò ṣe ẹni tí ó ṣubú, tí ó dìde, tí ó sì tún fo ohun tí ó gbé e ṣubú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní dá a lẹ́bi bí ó bá fi í sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́. Adìẹ kò rí i gbé mì.